Rédíò Kékeré Lórí Àpáta Sokponta

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn ńláńlá mẹ́rin tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, àwọn tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bàjẹ́ ní ẹ̀bá Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 ni orúkọ wọn. Láti Abidjan títí dé Èkó ni ìdààmú ti bá àwọn ilé-ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa náà sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ẹni tí ó bá mọ Glazoué mọ̀ pé Ọjọ́rú ni ọjà wa ń kún, tí ọkọ̀ iṣu, ti àgbàdo àti ti ẹ̀pà ń wọlé láti ìhà gbogbo, àti pé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ àwọn oníṣòwò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣì ń di ẹrù wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ti fojú rí àwọn okùn wọ̀nyẹn rí. Síbẹ̀, ara wọn ni a so ọ̀rọ̀ wa kọ́.

Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń dà wá láàmú: ǹjẹ́ ohùn kan lè kúrò lórí àwọn òkè wa kí ó dé ilẹ̀ òkèèrè, láìgba inú okùn òkun, láìgba orí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù? Ó ṣeé ṣe, ọ̀nà náà sì ti wà tipẹ́ ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbì kúkúrú ni, tí Faransé ń pè ní ondes courtes, èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ìròyìn láti Paris àti Lọ́ńdọ̀nù lórí rédíò oníbátìrì lábẹ́ igi. Oòrùn ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Ìtànṣán rẹ̀ ń fi agbára iná sí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè réré, ní nǹkan bí kìlómítà 100 sí 400 sí orí wa; ìgbì náà á dé ibẹ̀, á tẹ̀, á sì padà bọ́ sí ilẹ̀ tí ó jìnnà réré sí ibi tí ó ti ṣí. Àwọn bàbá wa gbọ́ ohun tí ó ń bọ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní ohun tí wọn yóò fi fèsì.

Àwọn kan wà tí ń fèsì. Radioamateur ni Faransé ń pè wọ́n: olùkọ́, mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí ìgbì tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Wọn kì í ṣe é fún owó, bí kò ṣe fún ìmọ̀ àti fún ìfẹ́ iṣẹ́ náà. Paris ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àgbáyé wọn, IARU, sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1925. Olúkúlùkù wọn ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àmì náà sì ń sọ orílẹ̀-èdè tí ó ti ń sọ̀rọ̀: 5N ni ti Nàìjíríà, 5V ni ti Tógò, TY ni tiwa. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn wà tí ń ka iye orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé ti ń ka ọmọ ayò, TY kì í sì í ṣe ọmọ ayò tí wọ́n ń rí he lójoojúmọ́. Nígbà púpọ̀ tí ó bá dún, àlejò ni ó ń dún láti ẹnu wọn: àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n gbé àpótí rédíò wá, tí wọ́n dúró sí etí òkun fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí wọ́n sì di ẹrù wọn padà. A kò bá wọn jà. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé bí wọ́n bá ti lọ, ohùn náà bá wọn lọ.

Fífi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ìgbì kúkúrú ń fẹ́ agbára, ó ń fẹ́ àǹtẹ́nà ńlá, ó sì ń fẹ́ owó. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ ohun tí etí ènìyàn kò lè yà sọ́tọ̀. Ní ọdún 1998, Peter Martinez, ará Bìrìtéènì, gbé PSK31 jáde, èyí tí ènìyàn méjì lè fi máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn lórí ìgbì tóóró. Ní ọdún 2017, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Joe Taylor àti Steve Franke, gbé FT8 jáde, láàárín ìgbà díẹ̀ ó sì gba ojú ọ̀run kan. Taylor yìí kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀. Òun àti Russell Hulse ni wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní ọdún 1993, nítorí ìràwọ̀ kan tí wọ́n rí ní ọdún 1974, irú èyí tí ìgbì rédíò rẹ̀ ń lù kìkì bí ọkàn. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ń wá ohùn ìràwọ̀ nínú ariwo ọ̀run, kò yà wá lẹ́nu pé òun ni ó wá bá wa ṣe ẹ̀rọ tí ń wá ohùn ènìyàn nínú ariwo ayé.

Bí FT8 ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye, nítorí pé a ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn ni ó yà wọ́n. Dùndún kò ní lẹ́tà, kò ní ahọ́n. Dò, re, mí nìkan ni ó ní. Bí onílù bá lu ohùn méjì péré kí ó sì dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó wí, nítorí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ ni ó ní ohùn méjì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ń lu gbólóhùn, oríkì, òwe, ohun tí ó gùn tí a sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ gbé apá kan lọ, ìyókù yóò fi ibi tí ó sọnù hàn. John Carrington, míṣọ́nnárì kan tí ó gbé ní Kóńgò, ṣe àkíyèsí ohun kan náà lára ìlù àwọn Kele, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Talking Drums of Africa ní ọdún 1949: ọ̀rọ̀ tí ó bọ́ sórí ìlù máa ń gùn ju bí ó ti rí lẹ́nu lọ, gígùn yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí a ṣì í gbọ́.

FT8 ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé ohùn mẹ́jọ ni ó ní dípò mẹ́ta. Ohùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wọn kò gbà ju hẹ́ẹ̀tì 50 lọ, nígbà tí ẹni tí ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ ń gba nǹkan bí 2500. Ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ìró 79, ó sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 12.64. Nínú ìró 79 náà, 21 kò gbé ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí, láti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà han ẹ̀rọ tí ń gbọ́, bí onílù ti ń fi ìlù pe àkíyèsí kí ó tó bá ọba sọ̀rọ̀. Ìyókù gbé bíìtì 174, bíìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Ẹ wo ibi tí ó dùn: nínú 174 yìí, 77 péré ni ọ̀rọ̀ gan-an. Bíìtì 14 wà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí a gbọ́ tọ̀nà, 83 wà láti fi tún èyí tí ó bàjẹ́ lọ́nà ṣe. Àfikún pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Nítorí èyí ni kọ̀ǹpútà fi lè ka ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ariwo tó yí i ká bá fi ìlọ́po tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ lágbára jù ú lọ, tí etí tiwa kò gbọ́ ju híhó lọ. Kì í ṣe pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pariwo. Àdéhùn ni òun àti ẹni tí ń gbọ́ ti jọ ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé kò tó wa. A fẹ́ gbọ́ ọ fúnra wa láti orí òkè. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kedere pé a kò ní ìwé àṣẹ, nítorí náà a kò gbé rédíò tí ń sọ̀rọ̀ dání. Etí nìkan ni a gbé lọ: ẹ̀rọ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wíwo tẹlifíṣọ̀n lórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọlọ́gbọ́n wá rí i pé ó lè gbọ́ oríṣiríṣi ìgbì, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ àtijọ́ kan, wáyà tín-ínrín mítà 10, àti ọparun gígùn kan tí a gé ní ẹ̀bá odò. Zémidjan méjì ni ó gbé wa láti Glazoué dé Sokponta, níbi tí àwọn òkè Camaté-Shakaloké ti nà jáde láti inú oko. A tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí a tó gùn ún, nítorí pé òkè ibẹ̀ kì í ṣe òkúta lásán fún àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó gbé ọparun ni ó jìyà jù. Ó kọ́ igi, ó kọ́ àpáta, ó kọ́ fìlà ẹni tí ó wà níwájú.

Nígbà tí a fi òkúta há ọparun náà, tí a na wáyà láti orí rẹ̀ wá sí ilẹ̀ ní dídagun, a yí ẹ̀rọ sí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 14.074, níbi tí àwọn onífọ́nrán FT8 ti ń pàdé jákèjádò ayé. Ìró wọn dé lójúkan náà. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọmọdé ogójì ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù lórí ohùn tirẹ̀, wọn á fọn, wọn á dákẹ́, wọn á tún fọn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ka ohunkóhun. Fún ìdajì wákàtí ni a fi tú wáyà tí a tún un so, tí a yí ọparun padà, tí àwa tí a mọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa jiyàn. Aago ni. Gbogbo ayé FT8 ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìṣẹ́jú-àáyá 0, 15, 30 àti 45. Bí aago rẹ bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá méjì lọ yàtọ̀, bí ẹni tí ó wọ agbo ijó lẹ́yìn tí orin ti yí padà ni ó rí. Aago kọ̀ǹpútà wa yá jù ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. A bá a tún un ṣe láti orí fóònù. Níbi tí kò bá sí fóònù, ẹ̀rọ GPS kékeré lè mú àkókò wá láti ọ̀run.

Ìlà àkọ́kọ́ tí ó hàn lójú ẹ̀rọ wa láti Ítálì ni. Kí a tó fi ọwọ́ tọ́ka sí i, Sípéènì, Jámánì àti Pólàńdì ti tò tẹ̀lé e. Bàbá kan tí ó ń ti oko bọ̀ dúró tì wá, ó bi wá léèrè ohun tí àwọn fèrè náà ń wí. A sọ fún un pé orúkọ ara wọn ni wọ́n ń pè, wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì ń sọ bí wọ́n ti gbọ́ ẹnì kejì tó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni ọ̀nà oko. Ó jókòó tì wá títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Nígbà tí a yí ẹ̀rọ sí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 28, Amẹ́ríkà ni ó ń wọlé, nítorí pé oòrùn ṣì wà lórí òkun níhà ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn fúnra rẹ̀ ní àkókò tirẹ̀, nǹkan bí ọdún 11 sí 11, ọdún 2024 sì ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ó ti dé ibi tí agbára rẹ̀ ga jù. Irú àwọn ọdún bẹ́ẹ̀ ni mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 28 máa ń ṣí fún ẹni tí kò lágbára. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí òjìji nínú omi. Ìlà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní équateur magnétique gba ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ kọjá, lórí ìlà bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run máa ń rú lẹ́yìn ìwọ̀-oòrùn. A kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú ibi bẹ́ẹ̀ ni a ń gbé.

Ohun tí ó mú wa dákẹ́ ni àwòrán ilẹ̀. Àwọn onírédíò ti pín gbogbo ayé sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà méjì. Glazoué àti Ìdáàṣà wà nínú JJ17. Savalou, tí kò jìnnà sí wa, ti bọ́ sí JJ07, Ṣábẹ tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè sì wà nínú JJ18, nítorí pé ìlà ìpín náà gba àárín àwọn ìlú wa kọjá. Àwòrán kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fi ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí a gbọ́ hàn, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Yúróòpù kún bí ilé oyin. Nínú JJ17, àmì kan ṣoṣo ni a rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa ni, àmì etí sì ni. A gbọ́ ju ogún orílẹ̀-èdè lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà lórí àpáta Sokponta.

Kí ni yóò gbà kí àmì náà tó di ti ẹnu? Kò pọ̀ tó bí a ti rò. Rédíò kékeré tí ó ní wáàtì 5, tí agbára rẹ̀ kò tó ti gílóòbù tí a fi ń kàwé, ti tó láti dé Yúróòpù nípasẹ̀ FT8 ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá dára. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń mu nǹkan bí ámpíà 2 nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ìdajì ámpíà nígbà tí ó bá ń gbọ́. FT8 sì ń mú kí ó sọ̀rọ̀ fún ìlàjì àkókò péré, nítorí náà bátìrì lithium fólítì 12 tí ó gba ámpíà-wákàtí 12 yóò gbé e fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án, kí a má tíì sọ sólà kékeré tí a tẹ́ sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wáyà mítà 10 kan náà tí a fi gbọ́ ni a ó fi sọ̀rọ̀ lórí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 14, bí a bá fi àyípadà kékeré sí ìdí rẹ̀ kí agbára má bàa padà sínú rédíò. Lórí mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 7, tí ó dára fún alẹ́ àti fún ìlú tí kò jìnnà, a ó fẹ́ mítà 20. Fóònù Android pàápàá ti lè ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lónìí. Àpáta wa ní ìṣòro kan: ó gbẹ, kò sì í gbé iná dáadáa, nítorí náà irin tí a bá kàn mọ́ ilẹ̀ kò wúlò níbẹ̀, wáyà ni a ó tẹ́ sórí òkúta. Nínú ọyẹ́, eruku gbígbẹ máa ń kó iná sára wáyà tí a nà sókè, ó lè ta ènìyàn. Ní àkókò òjò, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ọparun gíga, wáyà àti orí òkè: ohun tí àrá ń wá nìyẹn.

Ìṣòro mìíràn wà tí àwọn tí ó ṣe FT8 kò ronú kàn, nítorí pé èdè wọn kò béèrè rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ ohun tí ó wù ú dípò àmì ìdánimọ̀, lẹ́tà 13 péré ni ó ní, nínú A dé Z, nọ́ńbà, àti àmì díẹ̀. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, kò sí ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. OKO ni a ó kọ, kí ẹni tí ó gbà á máa wá a bóyá oko ni a ń lọ tàbí ọkọ ni a ń fẹ́. Ó jọ wá lójú pé ẹ̀rọ tí ń fi ohùn mẹ́jọ gbé ọ̀rọ̀ kò lè gbé ohùn mẹ́ta tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn onílù ti bọ́ nínú irú rẹ̀ rí: wọ́n fi gbólóhùn gígùn bo àìtó. JS8Call, tí Jordan Sherer gbé jáde ní ọdún 2018 láti ara FT8, jẹ́ kí a lè tẹ gbólóhùn tí ó gùn tó bí a ti fẹ́, kí ibùdó kan sì bá òmíràn gbé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́. Níbẹ̀, a lè kọ oríkì láìfi àmì sí i, kí ọmọ Ìdáàṣà tí ó wà ní Kútọnu tàbí ní Paris sì kà á láìṣì í. Winlink tilẹ̀ ń gbé lẹ́tà kọ̀ǹpútà gba orí ìgbì kúkúrú. Bí okùn òkun bá tún já, èyí ni a ó kọ́kọ́ wá.

A gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a kò lè fi í ṣe. Kò sí òwò níbẹ̀. Ìyá oníṣu tí ó ń wá iye tí iṣu ń lọ ní Kútọnu kò lè gba ibẹ̀ bèèrè, nítorí òfin àwọn radioamateur kọ ọ̀rọ̀ ajé. Kò sí àṣírí pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ tí a dì kí ẹlòmíràn má bàa mọ̀ ọ́n jẹ́ èèwọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní etí lè gbọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ARCEP Bénin ni ó ń ṣàkóso ìgbì ní orílẹ̀-èdè wa, lábẹ́ Code du numérique, ìyẹn òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì rédíò láìgba àṣẹ kì í ṣe radioamateur, arúfin ni. A ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti rí rédíò olówó pọ́ọ́kú rà lórí fóònù, tí wọ́n sì rò pé rírà ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí a rò pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ìwé náà kò jìnnà. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú wà ní agbègbè Collines, àwọn ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ wáyà, wọ́n mọ àǹtẹ́nà, wọ́n mọ ohun tí àrá ń ṣe sí òpó. Olùkọ́ físíìsì kan ní Glazoué ti ń kó ìwé tí a ó fi béèrè àṣẹ jọ pẹ̀lú wa. Ó ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ni òun fẹ́ kí ó wà lórí rẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ orúkọ òun, nítorí pé olùkọ́ lè yí padà lọ́jọ́kọ́jọ́. Ọparun wa ṣì wà ní Sokponta, ní ẹ̀yìn ilé bàbá tí ó bá wa jókòó. Ó ti fi sọ aṣọ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ṣèlérí pé bí òjò bá ti dá, tí àpáta bá gbẹ, òun yóò bá wa gbé e gun òkè.